Ìjì ká òrùlé abúlé kan lẹ́bàá Kwali: ọ̀nà wo ni kí àwa aládùúgbò gbà ràn wọ́n lọ́wọ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Gwagwalada

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kí yín o. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Gwagwalada ló ní kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín, nítorí pé ìpàdé tí a ṣe lé e lórí kò lójú. Ìjì kan jà ní ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, irú èyí tó máa ń ṣú láti ìlà-oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí ẹ̀fúùfù rẹ̀ á ti ṣọṣẹ́ kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀ka igi àti pátákó ìpolówó díẹ̀ ló wó. Ní abúlé kan tó wà láàárín àwa àti Kwali, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ra iṣu àti ọkà, ńṣe ló ká òrùlé ilé lọ́tùn-ún lósì. Ògiri àwọn ilé alámọ̀ kan wó, páànù há sórí igi kajú, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn di ògiri lásán, ọkà tí wọ́n fi pamọ́ de àsìkò tí oúnjẹ máa ń wọ́n sì rin gbingbin nínú àpò. A dúpẹ́ pé kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Àwọn Gbagyi ló pọ̀ jù ní abúlé náà, àwọn Bassa wà pẹ̀lú wọn, àwọn Fúlàní darandaran pàgọ́ sí ẹ̀yìn abúlé, ìdílé Yorùbá mélòó kan sì ti ń dáko níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ti dé. Ní ìpàdé wa, àwọn kan ní kí a kó aṣọ àti ìrẹsì jọ, kí a sì gbé e lọ ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn kan ní kí a kọ ìwé sí ìjọba, kí a sì dúró de èsì. Àwọn kan sì là á mọ́lẹ̀ pé àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tún ilé ṣe fún, pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìlú. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣojú yín ní òkè ọya níbí, kí ni ẹ rí pé ó ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní, kí sì ni ẹ rí tó kàn jẹ́ ariwo?

Káfíńtà Kubwa

Ẹ kú ìdárò wọn, Akọ̀wé. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, òrùlé tí ìjì ká ló sì máa ń pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín kọ́kọ́ mọ̀ ni pé, bí ẹ bá kàn ra páànù tuntun, tí ẹ sì kàn án bí wọ́n ṣe kan ti tẹ́lẹ̀, ìjì ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ rà á fún.

Bí ẹ̀fúùfù líle bá kọlu ògiri, yóò wá ọ̀nà gba abẹ́ etí òrùlé tàbí ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ wọlé, yóò sì máa ti páànù láti inú. Ní àkókò kan náà, èyí tó ń sáré kọjá lórí òrùlé yóò máa fa páànù náà sókè. Òrùlé tí a ń tì nísàlẹ̀, tí a sì ń fà lókè, kò lè dúró bí kò bá sí ohun tó dì í mú. Ní ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́, pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ògiri kò ní nǹkan kan tó so ó mọ́ ògiri ju ìwúwo ara rẹ̀ àti amọ̀ díẹ̀ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí òrùlé odidi, tòun ti pákó tòun ti ìṣó, nínú oko ẹlòmíràn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò wọ́nwó púpọ̀. Ẹ lu ihò sí ògiri ní ìpele búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀, ẹ fi irin kékeré kan dábùú ihò náà, kí ẹ wá ti ibẹ̀ fa wáyà tó nípọn gòkè yí pákó orí ògiri ká, kí ẹ lọ́ ọ le, kí ẹ sì fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì dí ihò náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ògiri, kì í ṣe ní igun nìkan. Ìṣó páànù tó ní rọ́bà lábẹ́ orí ni kí ẹ rà, kí ẹ kàn án súnmọ́ ara wọn ní etí òrùlé àti ní orí rẹ̀ ju ti àárín lọ, nítorí pé etí ni ìjì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i, kí ẹ sì tẹ ẹnu ìṣó tó bá yọ ní abẹ́ pákó. Ẹ má jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde jù. Bí ilé bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, kí ó má jẹ́ pé nígbà tí ìjì bá gbé e, yóò fa ti inú ilé lọ́wọ́ lọ. Ẹni tó bá sì máa kọ́ òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó dà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó ń gba pákó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń kojú ẹ̀fúùfù dáadáa ju èyí tó dà sí ọ̀nà méjì lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà, ẹ ṣa páànù gbogbo abúlé jọ sí ojú kan níwájú ẹni tí olórí wọn bá yàn, kí onílé kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí tirẹ̀. Páànù tí ìjì gbé kì í ní orúkọ lára, mo sì ti rí ibi tí ìjà páànù ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹbí kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó dé. Èyí tó bá ká kò já sí asán, a lè fi òòlù igi lù ú tẹ́, kí a fi bo ilé ìdáná tàbí ilé ewúrẹ́. Ẹ wọ bàtà tí ìṣó kò lè gún, ẹ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ẹni tí páànù tàbí ìṣó bá ya lára lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Bí wáyà iná ìjọba bá wà nílẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, kódà bí gbogbo abúlé bá wà lókùnkùn; iṣẹ́ AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní agbègbè Abuja, ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Minna

Akọ̀wé, mo kí ẹ, mo sì kí bàbá káfíńtà. Àwọn tó ní kí ẹ kó aṣọ lọ kò ní ọkàn búburú, ṣùgbọ́n mo ti dé abúlé kan tí aṣọ tí àwọn ènìyàn kó wá ga bí òkìtì ọ̀gán, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ìkòkò tí yóò fi se ọbẹ̀. Ẹni tí ògiri wó lé nǹkan rẹ̀ máa ń nílò ìkòkò, garawa, àmù omi, ẹní, àpò ìsùn ọmọdé, iná ìléwọ́ àti aṣọ nǹkan oṣù fún àwọn obìnrin, èyí tí kò sí ọkùnrin kan nínú ìpàdé yín tó máa rántí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé tí òrùlé wọn kò ká. Ibẹ̀ ni àwọn tí òrùlé wọn ká ń sùn. Nígbà tí omi ya wọ Mokwa ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní 200, púpọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn lọ ló wà lọ́dọ̀ ẹbí àti ará àdúgbò. Obìnrin tó ń bọ́ ènìyàn mẹ́fà tẹ́lẹ̀ yóò ṣàdédé máa bọ́ mẹ́rìndínlógún, kò sì ní sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹnikẹ́ni, torí pé ilé tirẹ̀ dúró. Bí ẹ bá ń pín oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ irú wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín onílé àti àlejò kí oṣù tó parí.

Ẹ béèrè omi wọn pẹ̀lú. Bí àgbàrá bá ti wọ inú kànga, tàbí tó gba inú ṣáláńgá kọjá lọ síbẹ̀, kí wọ́n má mu ún bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sè é dé ojú híhó. Bí igi ìdáná bá rin, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí wọ́n kán bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí kílórínì inú rẹ̀ tó ìdá 5 nínú 100, ẹ̀kán 2 sí lítà 1, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò kún bò, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, sínú lítà omi mímọ́ 1, kí wọ́n máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwọ̀n iyọ̀ yẹn ṣeré, púpọ̀ rẹ̀ léwu.

Ọmọ Ìlọrin ní Kaduna

Kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu tó báyìí? Ẹ fún wọn lówó. Àgbàlagbà mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tó fẹ́ ra páànù á ra páànù, ẹni tó jẹ gbèsè á san án, ẹgbẹ́ yín náà á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé ẹnì kan jẹ èrè lórí sìmẹ́ńtì.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Minna

Ọmọ Ìlọrin, mi ò bá ọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ gbèsè, owó lọ́wọ́ dára fún opó àti fún ẹni tó fẹ́ padà sídìí ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo abúlé bá gba owó ní ọjọ́ kan náà, tí wọ́n sì jọ rọ́ lọ sí ọjà Gwagwalada lọ ra páànù, ìwọ náà mọ ohun tí àwọn oníṣòwò yóò fi iye rẹ̀ ṣe. Kí ẹgbẹ́ ra páànù, pákó àti ìṣó lápapọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á lówó ọjà, kí wọ́n wá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní owó díẹ̀ fún ohun tí ojú wa kò rí.

Alàgbà Suleja

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé láàárín àwọn Gbagyi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ rọra fò, ìyẹn ni ti àwọn tó ní kí a tún ilé Yorùbá ṣe ṣáájú.

Ẹ má dán an wò. Ìdílé Yorùbá tó wà ní abúlé yẹn, orí ilẹ̀ tí wọ́n fún bàbá wọn ni wọ́n ń gbé. Bí òrùlé tiwọn nìkan bá ń dán nígbà tí ti onílẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ojú burúkú, wọn yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀yin bá ti padà sí Gwagwalada. Àwọn gan-an ni kí ẹ rán níṣẹ́: wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ́ opó, wọ́n mọ ilé tí aláìsàn wà. Kí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ Sèríkí abúlé, kí ẹ mú obì dání, kí ẹ sì bi í pé ilé ta ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn máa ń jáde ṣiṣẹ́ papọ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gáyyà, ọjọ́ wọn ni kí ẹ bá lọ, kì í ṣe ọjọ́ tiyín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ọjọ́, ẹ yẹra fún ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọjà.

Ní ilé wa, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló máa ń wá oúnjẹ àti ohun mímu fún àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì wà nínú àáró mọ̀ pé òun yóò san ọjọ́ náà padà lóko ẹlòmíràn. Ẹ má gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ bá ẹni tí ìjì bá ilé rẹ̀ jà. Àwọn ará abúlé yóò fẹ́ pa adìẹ fún yín, torí pé ojú ń tì wọ́n láti gba àlejò lọ́wọ́ òfo, adìẹ yẹn sì lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ di oúnjẹ yín lọ, kí ẹ di ti àwọn onílé mọ́ ọn, kí àwọn obìnrin yín jókòó ti ìkòkò pẹ̀lú àwọn obìnrin wọn. Ẹ má ya àwòrán ojú ẹni tó ń gba ìrẹsì. Òrùlé ni kí ẹ yà.

Àwòrán òrùlé wúlò, torí pé mo fara mọ́ àwọn tó ní kí ẹ kọ̀wé sí ìjọba, ibi tí mo ti yapa sí wọn ni ti pé kí ẹ jókòó dúró de èsì. Ẹ kọ ọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Abuja, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kí orúkọ onílé àti àwòrán ilé rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó kan ìṣó kan, nítorí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe, wọn kò ní rí nǹkan kan kà. Ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù lọ nínú ìwé náà; òrùlé rẹ̀ gùn, pákó rẹ̀ pọ̀, ó ju agbára ẹgbẹ́ lọ, bí òjò bá sì wọlé tán, àwọn ọmọ kò ní kàwé mọ́ títí di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ kíyè sí àgọ́ Fúlàní tó wà lẹ́yìn abúlé. Bí ẹ bá ń ka òrùlé páànù, ẹ kò ní kà wọ́n, torí pé koríko ni wọ́n fi bo ilé wọn, ìjì kan náà ló sì jà lórí wọn. Ohun kan tún nìyí, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí: igi irú àti igi òrí tó wó sí ojú ọ̀nà ní ẹni tó ni ín, ẹ má ṣe gbé ayùn lé e títí ẹ ó fi béèrè.

Olùkọ́ Àgbẹ̀, Zaria

Mo fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Alàgbà. Ọ̀rọ̀ ọkà tó rin ni mo fẹ́ mú, torí pé kò lè dúró de ìpàdé kankan. Kí wọ́n dà á kúrò nínú àpò lónìí, kí wọ́n sá a fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí tápólì, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n sì kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Èyí tó bá ti bu, pàápàá àgbàdo àti ẹ̀pà, kí wọ́n dà á nù. Májèlé tí ń jẹ́ áfílátọ́síìnì tó máa ń wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í pa á, kì í sì í ṣe oúnjẹ adìẹ.

Ní ti oko, kí wọ́n má yára fà nǹkan tu. Àgbàdo tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, tí ẹ̀fúùfù kàn tẹ̀ sílẹ̀, sábà máa ń gbé orí sókè fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí igi rẹ̀ ṣẹ́ ni kí wọ́n gbin òmíràn sí ojú rẹ̀, irú àgbàdo tó máa ń gbó ní nǹkan bí 90 ọjọ́. Ẹ̀wà ṣì ní àsìkò dáadáa níwájú, torí pé oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè yẹn, àwọn irú tí wọ́n mú jáde ní Samaru níbí, àwọn SAMPEA, sì ní èyí tó tètè ń gbó. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní irúgbìn, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn tàbí kí ẹ fún wọn ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tí ebi ń pa yóò se irúgbìn jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá wọn wí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Gwagwalada

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Alàgbà sí ìgbìmọ̀ létí, ẹni tó ń pariwo owó ẹgbẹ́ jù lọ ló sì ní òun yóò gbé ọkọ̀ òun sílẹ̀ láti kó pákó. A ti rán àwọn ìdílé Yorùbá ibẹ̀ sí Sèríkí, ó sì ti fún wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilé opó kan tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ní kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti gba ọ̀rọ̀ ìkòkò àti oúnjẹ sọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n má tún bá wọn dá sí i. Ìbéèrè kan ló kù fún Káfíńtà: ògiri ilé opó náà dúró, ṣùgbọ́n òjò ti pa orí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣé a lè gbé òrùlé lé e bẹ́ẹ̀?

Káfíńtà Kubwa

Ẹ má tíì gbé e lé e. Amọ̀ tó rin kò ní agbára, wáyà tí ẹ bá fà yóò sì gé e. Ẹ fi tápólì bo orí ògiri náà láti ìsinsìnyí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ fi ìṣó gún un láti òkè. Bí ìṣó bá wọlé láìlo òòlù, ẹ gé ìpele búlọ́ọ̀kù tó rọ̀ yẹn kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó le, kí ẹ sì to òmíràn tó ti gbẹ sí i. Bí ògiri náà bá sì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Ẹ ri òpó igi mọ́lẹ̀ sí inú ilé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òpó gbé òrùlé, kí ẹ tún ògiri mọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan yóò wá bá yín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ bá wa ra wáyà àti ìṣó sílẹ̀, kí ẹ wá àkàbà méjì, pákó ni kí ẹ má tíì rà títí n ó fi wọn ilé náà.